Àìrí Kì Í Ṣe Àìsí

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí ọ̀nà rẹ bá gba Apápá kọjá ní ìlú Èkó, yà sí òpópónà tí wọ́n ń pè ní Warehouse Road, kí o dúró díẹ̀, kí o sì wo ohun tí ń lọ níbẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ ti rí ni iṣẹ́ rẹ̀ rí: òpópónà ilé ìkẹ́rùsí ni. Tírélà tò tẹ̀lé tírélà. Awakọ̀ kan tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń sùn. Alágbàrù kan ń sọ àpò kalẹ̀, èkejì ń gbé òmíràn rù. Láti 1926 tí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ti parí ní èbúté Apápá ni ẹrù ti ń gba àdúgbò yìí wọ ilẹ̀ wa, tí òmíràn sì ń gba ibẹ̀ jáde. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Ajégúnlẹ̀ wà, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tí ń ru ẹrù náà ń gbé. Orúkọ àdúgbò náà sọ pé ajé ti gúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ajé tí ń gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn kì í sábà sùn di òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o ṣàkíyèsí níbẹ̀. Àpótí kan kì í wọ ilé ìkẹ́rùsí láìní ìwé, kì í sì í jáde láìní ìwé. Bí ìwé bá sọ pé ogójì àpò ni ó wọlé, tí akọ̀wé sì ka mọ́kàndínlógójì, kò jẹ́ sọ pé àpò ogójì kò sí láyé rí. Ohun tí yóò sọ ni pé, "A kò tíì rí i." Wọn yóò wá a lẹ́yìn ògiri, wọn yóò wá a lábẹ́ tapólì, wọn yóò sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wakọ̀ àti ẹni tí ó ṣí ìlẹ̀kùn. Mo ti fi ojú mi rí i tí wọ́n wá àpótí ìṣó kan fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìṣó lásán! Ìbéèrè tí ó ti ń dà mí láàmú láti ìgbà èwe mi ni èyí: bí ó bá jẹ́ ìlera ènìyàn ni ó sọnù, tí oníṣègùn wá ìdí rẹ̀ tí kò rí i, kí ni ó yẹ kí a sọ fún ẹni tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀?

Ní 1966, èmi wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé girama, bàbá mi sì jẹ́ alágbàrù ní wọ́ọ̀fù. Bí wọ́n bá fi í sí iṣẹ́ alẹ́, èmi ni í gbé oúnjẹ lọ fún un láti Ajégúnlẹ̀, ọ̀nà tí mo ń gbà a sì máa mú mi kọjá lẹ́nu géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road, níbi tí ọlọ́dẹ kan ń jókòó. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí mo ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, mo rí i pé kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó ti gbó lójú wa, kóòtù sójà kan sì wà tí kì í bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ nígbà ooru.

Ogun Hítílà ni ó lọ, ní ilẹ̀ Bọ́mà, ó sì ti ibẹ̀ bọ̀ ní 1946 pẹ̀lú ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì àti ojú méjì. Kò sí àpá ọta kankan lára rẹ̀. Síbẹ̀ ara rẹ̀ kò dá. Orí a máa fọ́ ọ, oríkèé a máa ro ó, oúnjẹ kì í pẹ́ nínú rẹ̀, oorun kò sì mọ ojú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni Ọlọ́run dá òun fún, nítorí pé òun nìkan ni wọ́n ń sanwó àìsùn fún ní gbogbo Apápá. Ṣùgbọ́n bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù ilé ìkẹ́rùsí náà, ẹ̀fẹ̀ a tán. Yóò dìde, yóò fi ẹ̀yìn ti ògiri, kì yóò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí òjò yóò fi dá.

Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn nígbà mẹ́ta. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ dá ṣáká. Adáhunṣe kan ní àwọn tí ó pa lójú ogun ni ń bá a jà. Aládùúrà kan ní ayé ni. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀: wọ́n ní ọ̀lẹ ni.

Kí o lè mọ ibi tí ọkùnrin yìí ti ń bọ̀, ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ogun náà. Ní 1943 ni wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní 81st (West Africa) Division jọ ní Nàìjíríà, tí ọkọ̀ ojú omi sì gbé wọn lọ sí Íńdíà. Èkejì wọn, 82nd, tẹ̀ lé wọn. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó sin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà ibẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní àfonífojì odò Kaladan, ọkọ̀ ilẹ̀ kò lè tẹ̀ lé wọn nítorí igbó àti òkè. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun, ọkọ̀ òfuurufú sì ń ju oúnjẹ àti ọta sí wọn láti ojú ọ̀run. Òjò ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti àìsàn tí kòkòrò inú koríko ń fà ń bá wọn rìn bí ọ̀tá ti ń bá wọn rìn.

Ọ̀kan nínú wọn tí ayé mọ̀ ni Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmúré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tí ó wọ iṣẹ́ ogun ní 1942 nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ni ó wà. Ní March 1944, ọta Jàpáàn bà á lẹ́sẹ̀ létí odò Kaladan, òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, sì fara pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án nínú igbó àti ní ilé ará abúlé kan tí ó ṣàánú wọn, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Fádóyèbọ̀ tiro títí di ọdún 2012 tí ó kú. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ náà. Ìyà tí ó jẹ pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé ìjọba tí ó lè sọ fún un pé irọ́ ni ó ń pa, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́rìí níbikíbi tí ó bá wọ̀. Ọlọ́dẹ tiwa kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀ pé ogun lè ba ohun tí ojú kò rí jẹ́. Ní April 1944, kí ogun náà tó parí, wọ́n ti fi ọgbà ẹ̀wọ̀n kan ní Lantoro, Abẹ́òkúta, ṣe ibùgbé fún àwọn ọmọ ogun tí wọ́n dá padà sílé nítorí pé orí wọn ti dàrú. Ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ni gbòǹgbò ilé ìwòsàn Arọ̀, níbi tí Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, tí ó sì jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàrin àwọn ará abúlé, kí wọ́n má bàa máa gbé láàrin ògiri. Ó sàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ibi tí wọ́n kọ́kọ́ rí fún ẹni tí ó jà fún wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan Bàbá pè mí. Ó ní, "Akọ̀wé, wá bá mi kọ ìwé sí ìjọba." Inú mi dùn púpọ̀, nítorí pé kò tíì sí ẹni tí ó pè mí ní akọ̀wé rí. Ó ń sọ, èmi ń kọ, lábẹ́ iná géètì: ibi tí ó ti jà, ọdún tí ó dé, orí, oríkèé, inú, àìsùn. Kò béèrè owó. Ohun tí ó ní kí n béèrè ni pé kí wọ́n sọ ohun tí ń ṣe òun fún òun. Oṣù mẹ́rin kọjá kí èsì tó dé láti ọ́fíìsì kan, ojú ewé kan péré, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìwé náà sọ pé wọ́n ti wo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ogun rẹ̀, wọn kò sì rí àìsàn kankan níbẹ̀ tí wọ́n lè so mọ́ ogun tí ó lọ.

Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní kò sí nǹkan kan tí ń ṣe yín."

Ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú àpò kóòtù rẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Èmi ni òpùrọ́."

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi gba iṣẹ́ tí kò tó ti ẹrú, mo sì fi ti ẹrú jẹ́ ẹ. Ìwé náà kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó sọ pé àwọn kò rí i. Gbólóhùn méjì yìí jọ ara wọn lójú ọmọ tí ń sáré kàwé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí ó bá ní, "N kò rí i," ara rẹ̀ ni ó ń ròyìn: bí fìtílà rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ tó, bí ojú rẹ̀ ti ríran tó, bí ó ti pẹ́ tó níbi tí ó ti ń wá a. Ẹni tí ó bá ní, "Kò sí," gbogbo ayé ni ó ń búra fún. Bí eku bá ń rún nǹkan lórí àjà lóru, tí ilẹ̀ mọ́ tí o gun orí àjà tí o kò rí eku, ṣé o lè sọ fún ìyá rẹ pé kò gbọ́ ohun tí ó gbọ́?

Ṣùgbọ́n n kò lè ru gbogbo ẹ̀bi náà. Ìwé tí ó sọ pé òun kò rí nǹkan, tí kò sì fi kún un pé òun yóò tún wá, ti sún mọ́ "kò sí" ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn ọ́fíìsì fẹ́ràn "kò sí", mo sì mọ ìdí rẹ̀. "A kò tíì mọ̀" jẹ́ gbèsè: fáìlì yóò wà ní ṣíṣí, a ó tún pe ọkùnrin náà ní ọdún tí ń bọ̀, dókítà mìíràn yóò tún wò ó. "Kò sí" a máa ti fáìlì pa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo ènìyàn a sì lọ sílé.

Wò ó bí ó ti rí fún àwọn mìíràn tí wọ́n lọ sí ìhà kan náà. Ní ogun yẹn, Jàpáàn mú ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbèkùn, ó sì fi wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣekú ní ojú ọ̀nà reluwé tí ó so Thailand mọ́ Bọ́mà. Àwọn tí kò kú padà sílé ní 1945. Láàrin wọn ni a ti rí àwọn tí ara ń yún, tí nǹkan pupa kan ń fà lára wọn bí okùn, tí yóò yọ lónìí tí yóò sì parẹ́ lọ́la, tí inú sì ń dà wọ́n láàmú. Ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí 1970 sí iwájú, àwọn oníṣègùn ní ìlú Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n dáadáa, wọ́n sì rí aràn kékeré kan nínú àwọn kan nínú wọn. Aràn náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i, ó sì lè máa bímọ sínú ènìyàn láìjáde fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oògùn rẹ̀ wà. N kò sọ pé aràn yìí ni ó ń ṣe ọlọ́dẹ wa. N kò mọ ohun tí ó ṣe é títí di òní. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní gbogbo ọdún tí kò sí ẹni tí ó rí i, aràn náà wà níbẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà burú ju èyí lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti rí ìjọba tí ó sọ "kò sí" nígbà tí ẹ̀rí wà nílẹ̀. Ní 1991, nǹkan bí 700,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ jà nítorí Kùwéètì. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ráhùn: àárẹ̀, orí fífọ́, oríkèé, ìgbàgbé, àìsùn. Ka orúkọ àwọn àìsàn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o sì rántí ẹnu géètì Warehouse Road. Àwọn ọmọ ogun béèrè bóyá májèlé ogun ti bà wọ́n; ìjọba ní rárá. Ní June 1996 ni ìjọba jẹ́wọ́ pé ní March 1991 àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fọ́ ilé ohun ìjà kan ní Khamisiyah ní ilẹ̀ Ìráàkì, àti pé májèlé sarin wà nínú rẹ̀. Ní ọdún kejì wọ́n kọ ìwé sí nǹkan bí 100,000 ènìyàn pé ó ṣeé ṣe kí ó ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 2008, ìgbìmọ̀ kan tí òfin gbé kalẹ̀ sọ pé àìsàn náà kì í ṣe èrò ọkàn lásán, ó sì mú tó ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ọdún mẹ́tàdínlógún! Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún ogun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọṣẹ́ ogun.

O lè bi mí pé, "Àwọn ẹlẹ́tàn ńkọ́?" Ìbéèrè rere ni. Wọ́n wà. Owó ìjọba kì í ṣe owó ẹnì kan. Owó ìyá ẹlẹ́ja àti owó àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ọ kò sì gbọdọ̀ nà án fún gbogbo ẹni tí ó bá di orí mú. Ṣùgbọ́n kíyè sí i pé òtítọ́ kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Akọ̀wé ìjọba lè sọ pé, "A kò mọ ohun tí ń ṣe ọ́, a kò sì lè san owó lórí ohun tí a kò mọ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ, a ti kọ ọ́ sílẹ̀, padà wá." Ọ̀rọ̀ yẹn yóò dun ọkùnrin náà. Kò ní sọ ọ́ di òpùrọ́.

Nítorí pé nígbà tí a bá ti sọ ènìyàn di òpùrọ́ lórí ohun tí òun nìkan mọ̀, kò tún ní gbà wá gbọ́ lórí ohun tí àwa nìkan mọ̀. Ní 1967, àwọn tí ń gbógun ti ilẹ̀ gbígbóná dé àdúgbò wa. Ohun èlò kan bí ìbọn ni wọ́n fi ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ náà, kíá kíá, apá kan tẹ̀ lé òmíràn. Bàbá rí ìbọn náà, ó sì kọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó sá, ìbá ti yẹ. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́ káàkiri Ajégúnlẹ̀ pé àwọn tí kò mọ ohun tí ń ṣe òun kò lè mọ ohun tí wọ́n ń fi sára ọmọdé, àwọn ènìyàn sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá kan ní àgbàlá wa ti ọmọ rẹ̀ méjì mọ́ yàrá ní ọjọ́ náà. Mo gbọ́ ẹkún wọn. Mo sì mọ gbólóhùn tí ó ti ìlẹ̀kùn náà, nítorí pé ẹnu mi ni ó ti jáde.

Ilẹ̀ gbígbóná kúrò ní Nàìjíríà ní 1970, nítorí pé àwọn tí ó na apá wọn pọ̀ ju àwọn tí ó sá lọ. Nítorí náà n kò lè gbè sẹ́yìn Bàbá nínú èyí. Ẹni tí a parọ́ fún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ iyèméjì rẹ̀ di ìmọ̀. Òun náà ni ó sọ ìtàn oògùn ibà tí wọ́n ń fún wọn ní Bọ́mà fún mi, oògùn pupa rúsúrúsú kan tí ó korò, tí ń sọ awọ ara àti ojú di rúsúrúsú. Mepacrine ni orúkọ rẹ̀. Láàrin ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí wọ́n ń lò ó nígbà náà, ìròyìn tàn pé ó ń pa ọkùnrin lára. Àwọn kan tutọ́ rẹ̀ dànù, ibà sì dá wọn gúnlẹ̀. Irọ́ ni ìròyìn náà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn kan náà yìí a máa da orí àwọn díẹ̀ rú fún ìgbà kan. Ṣé o rí bí ọ̀rọ̀ náà ti díjú tó? Àwọn tí ń fura ní ìdí tí wọ́n fi ń fura. Ohun tí wọ́n fura sí ni kò tọ́.

Ní July ọdún kan náà, ogun abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ gba Bonny. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù yẹn, mo gbé oúnjẹ bàbá mi lọ́wọ́, mo sì bá ọkọ̀ sójà mẹ́ta tí ó dúró ní Warehouse Road nítorí tírélà kan tí ó ṣubú lọ́nà. Ọ̀dọ́ ni àwọn tí ó wà nínú wọn. Àwọn kan kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Bàbá ti dìde lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó lọ bá èyí tí ó jókòó sétí ọkọ̀, ó di bàtà rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, bí ohunkóhun bá ṣe ọ́, ìbáà ṣe ibà, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí wọ́n kọ ọ́." Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, a ó ti dé kí ọdún tó parí." Ọ̀nà là, wọ́n lọ.

Bàbá padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó fa ìwé yẹn yọ nínú kóòtù rẹ̀. Ibi tí ó ti ká a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó ní, "Akọ̀wé, tún un kà fún mi."

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo kà á, mo sì sọ ọ́ bí ó ti wà níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. N kò kà á dáadáa lọ́jọ́ sí. Wọ́n ní àwọn kò rí i nínú ìwé yín."

"Wọn kò rí i?"

"Wọn kò rí i, Bàbá."

Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí wọ́n tún wá a nígbà náà. Mú bírò rẹ."

A kọ òmíràn ní alẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ bàbá mi sì tutù sínú abọ́. Èsì rẹ̀ kò tíì dé nígbà tí ogun parí ní January 1970, nígbà tí mo sì tún gba ibẹ̀ kọjá, ẹlòmíràn ni mo bá lẹ́nu géètì náà.